Àlòkù adarí tọ́bò: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì tó tà á

Àpótí kékeré kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí sìgá lọ, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú awakọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń sáré bí ìjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé aago lásán ni. Owó tí wọ́n ń ta àlòkù rẹ̀ kò tó nǹkan tí a bá fi wé owó ọkọ̀ tí wọ́n ń so ó mọ́, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wọ inú rẹ̀, odindi ẹ́ńjìnì lè bá a lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Electronic boost controller ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní adarí tọ́bò nínú àlàyé yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ni pé ilẹ̀ Japan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, tí ó sì ń dé ọwọ́ àwọn tó ń rà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré ti lè bá a pàdé nígbàkigbà. Àwa tí a wà nílé pẹ̀lú, tí a ti ń ra tòkunbọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, yóò rí i pé àpótí yìí ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ sípíà páàtì kò ní. Kì í ṣe irin àti wáyà nìkan ni ẹni tó rà á ń rà. Ó tún ń ra ìpinnu tí ẹni tó kọ́kọ́ ní in ti ṣe sínú rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ilé alágbẹ̀dẹ. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ kí irin rọ̀, kì í ṣe èédú nìkan ló ń kó lé iná, ó ń fi ẹwìrì fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń tì sínú èédú ló ń mú kí iná náà gbóná ju iná ìdáná lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tọ́bò rí fún ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò ń fa ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá lè fà fúnra rẹ̀. Èyí tó ní tọ́bò ní abẹ̀bẹ̀ irin méjì tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ síbi sailẹ́ńsà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kìíní. Bí ìyẹn bá ti ń yí, èkejì náà yóò máa yí, yóò sì máa ki afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnì tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tí ẹ́ńjìnì lè jó yóò pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ yóò sì ga. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Alfred Büchi ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ yìí lọ́dún 1905.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ń yípo. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń gba afẹ́fẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èéfín rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí èéfín bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni tọ́bò ń yára sí i. Bí kò bá sí ohun tó ń dá a dúró, nǹkan yóò bàjẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tọ́bò, èyí tí èéfín lè gbà kọjá láìyí abẹ̀bẹ̀. Agolo kékeré kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Spírìngì wà nínú agolo, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń gbé díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wá sínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí spírìngì bá ṣì lágbára ju afẹ́fẹ́ náà lọ, ilẹ̀kùn yóò wà ní títì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti borí spírìngì, ilẹ̀kùn á ṣí, tọ́bò á sì fara balẹ̀.

Iṣẹ́ tí adarí tọ́bò ń ṣe níbẹ̀ kò ju irọ́ pípa lọ. Ó ní fáàfù oníná kan tí wọ́n ń fi sójú ọ̀nà rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Fáàfù náà ń ṣí, ó ń tì, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń já díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ agolo. Agolo yóò wá rò pé afẹ́fẹ́ kò tíì pọ̀, kò ní ṣílẹ̀kùn, tọ́bò yóò sì máa yí lọ. Àpótí tó wà níwájú awakọ̀ ló ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnì, tó ń fi í wé iye tí awakọ̀ kọ sínú rẹ̀, tó sì ń sọ fún fáàfù bí irọ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Irú kan tún wà tí kò lo iná rárá, ìdè kékeré kan ni wọ́n ń fọwọ́ yí. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ju ohun kan ṣoṣo lọ. Oníná lè tọ́jú iye méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kan fún ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́, òmíràn fún ọjọ́ eré. Ó sì lè mú kí tọ́bò tètè jí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra àpótí yìí kò mọ̀: kò lè mú agbára afẹ́fẹ́ wálẹ̀ ju ibi tí spírìngì fi í sí lọ. Gbígbé e sókè nìkan ni ó lè ṣe. Ẹni tí tọ́bò rẹ̀ ti ń ti afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tó wá lọ ra adarí tọ́bò pé kí ó bá òun rọ̀ ọ́, owó rẹ̀ ti bómi lọ.

Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti sọ iṣẹ́ yìí di ńlá. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ ti bá ara wọn ṣe àdéhùn tí kò sí nínú ìwé òfin, pé kò sí ọkọ̀ tí wọn yóò tà fún àwọn ará ìlú wọn tí wọn yóò kọ sí ìwé rẹ̀ pé agbára rẹ̀ ju ti ẹṣin 280 lọ. Ọdún 2004 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Nissan Skyline GT-R tó jáde lọ́dún 1989 dúró sí 280, bẹ́ẹ̀ náà ni Toyota Supra ti ọdún 1993. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ ẹ́ńjìnì ló mọ̀ pé wọ́n kàn so ọwọ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni. Irin inú wọn le, ó lè gbé agbára tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, adarí tọ́bò sì ni kọ́kọ́rọ́ tó rọrùn jù láti fi tú ìdè náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ yìí wá di gbajúmọ̀. HKS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, tó sì fi ẹsẹ̀ Òkè Fuji ṣe ibùjókòó, ló ni èyí tí wọ́n ń pè ní EVC. Ilé iṣẹ́ Trust ló ni Profec, tó ń jáde lábẹ́ orúkọ GReddy. Blitz ní SBC, A'PEXi ní AVC-R. Ayé yí padà fún wọn nígbà tó yá. Lọ́dún 2008, gbèsè mú kí Trust lọ sá sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ GReddy kò parẹ́. AVC-R ti kúrò lórí àtẹ pátápátá, ẹni tó bá fẹ́ ẹ lónìí, àfi àlòkù.

Àwọn ọkọ̀ náà sì dàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, New Zealand àti Australia, níbi tí ọwọ́ òsì ojú títì ni wọ́n ti ń wakọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Japan. Òfin Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí irú wọn wọlé fàlàlà títí wọn yóò fi pé ọdún 25, èyí ni Skyline GT-R R34 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1999 kò fi rí ọ̀nà tó já gaara síbẹ̀ títí di ọdún 2024. Àwọn tó ń ra àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí ń wá ohun tó bá wọn mu, ohun tí wọ́n ń lò nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ohun tó ń gbé ọjà àlòkù adarí tọ́bò ró nìyẹn. Ọkọ̀ ìgbàlódé kò nílò rẹ̀ mọ́, nítorí brain box tirẹ̀ gan-an ló ń darí tọ́bò. Ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i yóò ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú brain box náà kọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń rajà bi ẹni tó ń tajà ni pé: kí ló dé tí o fi ń tà á? Ó lè jẹ́ pé ó ti tún brain box rẹ̀ kọ, àpótí náà kò wúlò fún un mọ́. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ ta ọkọ̀, ó sì fẹ́ dá a padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti fọ́, tó ń tú ohun tó kù lára òkú ọkọ̀ tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá sọ ọ́. Èmi kò ní torí rẹ̀ sá, ṣùgbọ́n n óò béèrè ohun tó pa ẹ́ńjìnì náà, n óò sì yẹ fáàfù wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu nígbà tí wọ́n bi í ní irú ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wo ẹrù fúnra rẹ̀. Adarí tọ́bò kì í dá ṣiṣẹ́, ó ní ìdílé: àpótí olójú gíláàsì, fáàfù oníná, ìdì wáyà, ohun tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ (àwọn kan ní in nínú àpótí, ti àwọn mìíràn dá wà), pẹ̀lú ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ aráyé jẹ jù nìyí. Ẹni kan yóò gbé àpótí nìkan kalẹ̀ ní owó tó fani mọ́ra, ẹni tó rà á yóò rò pé fáàfù kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé òun yóò rí i rà níbòmíràn. Kò ní rí i. Fáàfù ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá àpótí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́. Kódà nínú ilé iṣẹ́ kan náà, ti àná lè yàtọ̀ sí ti òní, nítorí àwọn kan lára EVC ń lo mọ́tò kékeré tó ń yí díẹ̀díẹ̀ dípò fáàfù tó ń ṣí tó ń tì. Kí ẹni tó ń rajà rí i pé orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára àpótí àti ti ara fáàfù jẹ́ ti ẹbí kan náà.

Ìdì wáyà náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e kúrò lára ọkọ̀ àkọ́kọ́ dípò kí wọ́n fara balẹ̀ tú u, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ sọ́rùn ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. AVC-R ni ó le jù nínú èyí, nítorí kì í ṣe iná bátìrì nìkan ló ń gbà. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu brain box ọkọ̀: bí ẹ́ńjìnì ti ń yí sí, bí ọkọ̀ ti ń sáré sí, bí awakọ̀ ti tẹná tó, àti bí epo ti ń wọlé sí. Bí wáyà bá ti já, tí ìwé rẹ̀ sì wà ní èdè Japan tí rìwáyà kò gbọ́, àfọwọ́bà ni yóò máa bá a lọ. Àfọwọ́bà lára wáyà brain box kò sì dára.

Bí ẹni tó ń rajà bá lè rí ẹrù náà kó tó sanwó, kí ó so àpótí mọ́ bátìrì 12 volt bí ìwé rẹ̀ ti wí. Ojú gíláàsì gbọ́dọ̀ tàn láìsí ìlà tó kú lójú rẹ̀, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ tó ń tì í, iye tó yẹ kí ó kọ jáde ni òdo; bí ó bá ń kọ nǹkan mìíràn, ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti ń purọ́, gbogbo ìpinnu tí àpótí bá sì ṣe lórí irọ́ náà yóò wọ́. Fáàfù oníná yóò máa dún tákú-tákú bí iná bá kàn án. Dídún nìkan kò tó o. Epo ẹ́ńjìnì tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, a sì di bí ọ̀dà; fáàfù yóò dún, ṣùgbọ́n kò ní ṣí tán, kò sì ní tì tán. Kí a fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ nígbà tí kò sí iná, kí a tún fẹ́ ẹ nígbà tí iná wà, ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni ẹrù náà ti ń bọ̀, kí a ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ń tàn lọ́wọ́, kì í ṣe nígbà tó sùn sórí tábìlì. Fọ́tò yẹn tún ń dín ewu ayédèrú kù díẹ̀, nítorí ayédèrú a máa jọ ojúlówó títí iná yóò fi kàn án.

Ó wá ku àṣírí tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, ìpinnu ẹlòmíràn tó wà nínú àpótí. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan ní Peckham ra AVC-R láti ìlú Osaka. Ó pé, ó mọ́, kò ní àléébù kan. Rìwáyà so ó mọ́ Skyline GT-R R33 rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, 1.3 ló wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà rò pé bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, ó bọ́ sójú títì, ó tẹná.

Ta ló kọ 1.3 yẹn? Ará Osaka ni. Ìwọ̀n ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní kg/cm² ló fi kọ ọ́, èyí tó sún mọ́ psi 18.5. Ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún ti pààrọ̀ tọ́bò rẹ̀ sí èyí tí gbogbo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, kí ó sì ti fi pọ́ọ̀ǹpù epo tó lágbára sí i. Epo tó ń rà níléepo, èyí tó wọ́n jù nílẹ̀ Japan, ń sún mọ́ octane 100. R33 ọmọ Peckham ńkọ́? Tọ́bò tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ń yí nínú R32 àti R33 GT-R sì jẹ́ ohun amọ̀ tí wọ́n sun, bí àwo tánganran, wọn kì í ṣe irin. Wọ́n fi í ṣe é kí ó lè fúyẹ́, kí tọ́bò lè tètè jí. Àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé bí agbára afẹ́fẹ́ bá ti kọjá bar kan, fífọ́ ni abẹ̀bẹ̀ yẹn ń fọ́. Epo tó sì wà nínú táńkì rẹ̀ ni octane 95 tí wọ́n ń tà ní gbogbo iléepo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí abẹ̀bẹ̀ kò bá tilẹ̀ fọ́, epo yẹn yóò fa tirẹ̀. Ohun tí octane ń sọ ni bí epo ti lè fara da ìhámọ́ àti ooru kí ó má gbiná fúnra rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú sílíńdà, epo tí octane rẹ̀ kéré yóò bú gbàmù láìdúró de iná pílọ́ọ̀gì. Ó dà bí ẹni ń fi òòlù lu orí písítìnì, ìró rẹ̀ a sì máa jọ ti òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí epo tó ń wọlé kò bá tún tó afẹ́fẹ́, ooru yóò pọ̀ débi tí orí písítìnì yóò lu. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì fi àbò sínú brain box púpọ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ààlà, yóò gé epo, ọkọ̀ yóò ta gìrì bí ẹni pé ẹnìkan fà á sẹ́yìn. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ mìíràn láti fi di ojú brain box, kí ó má baà gé epo mọ́. Lójú tèmi, ajá tó ń gbó olè nirú wọn ń so lẹ́nu. Bí àlòkù adarí tọ́bò bá wá pẹ̀lú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú páálí kan náà, ó ti sọ irú ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà fún ẹni tó ra àlòkù ni pé kí ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ìwé rẹ̀ yóò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ó tún mọ irú ìwọ̀n tí àpótí ń sọ: bar 1 jẹ́ psi 14.5, kg/cm² 1 jẹ́ psi 14.2, kPa 100 sì jẹ́ bar 1. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kí ó fi sí 7, tí wọ́n sì ní psi lọ́kàn, ìdajì bar ni wọ́n ń wí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fáàfù kò ti ní parọ́ rárá, kí spírìngì nìkan máa ṣiṣẹ́, kí ó wo iye tí ìyẹn jẹ́. Lẹ́yìn náà kí ó máa gòkè ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú géèjì mìíràn tí kì í ṣe ti àpótí, kí ẹlẹ́rìí lè jẹ́ méjì. Ojú títì kì í ṣe ibi tó yẹ fún èyí. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ti lè sáré lójú kan ni kí ó gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti lè wọn epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Owó wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àlòkù náà, ó sì lè jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ owó ẹ́ńjìnì.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní ọ̀rọ̀ nínú ọjà yìí. Bó bá jẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò ni èèyàn ti rà á, òfin àwọn oníbàárà ti ọdún 2015 sọ pé ọjà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù, gbọ́dọ̀ dára dé ìwọ̀n tó yẹ irú rẹ̀, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ó sì gbowó rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń ta ohun ìní rẹ̀, ààbò yìí kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí ọjà bá àpèjúwe tí olùtà ṣe mu. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí èèyàn jẹ́ kí olùtà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: ó pé, ó ń ṣiṣẹ́, fáàfù rẹ̀ ni èyí. Ẹni tó rà á tààrà láti Japan ní láti fi owó orí ọjà ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún ìṣirò rẹ̀. Kí ó sì sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ pé òun ti fi ohun tó ń mú agbára ọkọ̀ pọ̀ sí i sára ọkọ̀. Owó ìdójútòfò lè gbéra nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í pamọ́ lè rí i pé kò sí adójútòfò kankan lẹ́yìn òun lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó wà nílé lè máa bi ara wọn pé kí ló kàn wọ́n. Ọkọ̀ tọ́bò tí wọ́n ń kó wọlé láti Jámánì ló kàn wọ́n, irú bíi Volkswagen Passat àti Audi A4 tó ní ẹ́ńjìnì 1.8T. Àwọn wọ̀nyí kò nílò àpótí Japan rárá, nítorí ilé iṣẹ́ ti fi fáàfù oníná tirẹ̀ sí i, N75 ni orúkọ rẹ̀, brain box ló sì ń darí rẹ̀. Ohun tó ń bàjẹ́ lára wọn ni fáàfù yìí tàbí rọ́bà tó wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ lè wá máa fà bí ẹni tí ebi ń pa, tàbí kí ó máa ti afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì yóò sọ pé tọ́bò ti kú, kí wọ́n lọ ra odindi tọ́bò wá ní Ládípọ̀. Kí oníǹkan kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ N75, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láìsí iná, kí wọ́n tún fẹ́ ẹ pẹ̀lú iná, bí a ti ṣàlàyé lókè, kí wọ́n sì fi ọwọ́ wá ibi tí rọ́bà ti sán. Bó bá jẹ́ àlòkù N75 ni wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n wo nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà lára ti àtijọ́, nítorí oríṣi rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló kù fún ẹni tó fẹ́ tà á. Kí ó sọ irú ọkọ̀ tó lò ó fún àti iye tó kọ sínú rẹ̀, kí ó sì pa á rẹ́ kí ó tó dì í. Kí ó tú wáyà dípò kí ó gé e, kí ó sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ìkọ̀ọ̀kan pé ibi báyìí ni mo ti yọ ọ́. Wákàtí kan ni èyí lè gbà, ó sì ń fi owó kún ọjà. Kí ó kó gbogbo ìdílé náà sínú páálí kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó bá ń ta àpótí lọ́tọ̀, tó ń ta fáàfù lọ́tọ̀, ń da oúnjẹ méjì nù ni.

Ohun tí olùtà máa ń gbàgbé jù lọ wà lára ọkọ̀ tirẹ̀. Nígbà tó bá yọ fáàfù, ẹnu rọ́bà méjì ni yóò ṣí sílẹ̀. Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tó fi nǹkan dí wọn lẹ́nu, afẹ́fẹ́ kankan kò ní dé ọ̀dọ̀ agolo mọ́, ilẹ̀kùn èéfín kò sì ní ṣí láéláé. Tọ́bò rẹ̀ yóò wá máa yí láìsí ẹni tó ń dá a dúró. Kí ó so rọ́bà tó ti ara tọ́bò wá tààrà mọ́ agolo, kí ó fi ìdè irin dè é ní ẹnu méjèèjì, kí ó sì wo géèjì nígbà àkọ́kọ́ tó bá gbé ọkọ̀ náà jáde, kí ó tó lọ fi páálí ránṣẹ́ sí ẹni tó rà á.